Ìwé Tí Chancelle Kà Fún Ìyá Rẹ̀

Fèrè ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé. Kò sí ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn ní gbogbo Pobẹ̀ tí fèrè rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ti gbọ́ ọ báyìí ni wọ́n figbe ta: "Tọ́ntọ́n Basile dé o!" Chancelle gbé kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò, ó dìde fùú. Láti àárọ̀ Sátidé náà ni etí rẹ̀ ti wà lójú títì.

Basile ni àbúrò ìyá rẹ̀, ìyẹn tọ́ntọ́n ní èdè Faransé. Sìmẹ́ńtì ni ó ń kó láti Onigbolo lọ sí Àjàṣẹ́, Pobẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, eruku sìmẹ́ńtì ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun bíi ti baba àgbàlagbà. Chancelle kí i kú ọ̀nà. Ó bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wọn. Onílé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ omi àlejò wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ìgbà tí àlejò bá mu omi tán ni a tó lè bi í léèrè ìròyìn. Ọmọ tó bá béèrè ọ̀rọ̀ kí omi tó dé, wọn a ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Basile ò tilẹ̀ kánjú. Ó mu ún, ó sinmi, ó tún mu ún.

"Tọ́ntọ́n, ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá rẹ wà dáadáa. Ó ń bá ìyàwó mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó bá ti lè bá ènìyàn jà lórí iyọ̀, ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn."

Chancelle rẹ́rìn-ín, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

Àríkẹ́ ni orúkọ ìyá náà. Gàrí ni ó ń yan, ọjà Sakẹ́tẹ́ ni ó sì ń gbé e lọ tà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dá láti ọdún mẹ́rin, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tún yọjú lọ́jọ́ kan. Ìtìjú ni ó kọ́kọ́ fi bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí kò ṣeé bò mọ́, Basile gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, àwọn dókítà sì rí kókó kan nínú ilé ọmọ rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ilé ọmọ náà. Chancelle pa ilé-ẹ̀kọ́ tì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó dúró ti ìyá rẹ̀ nídìí ibùsùn. Dókítà Zouleiha, obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, sọ fún wọn pé òun ti fi kókó náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. "Bí ìwé rẹ̀ bá jáde," ni ó wí, "ẹ gbé e wá bá mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ara bá tilẹ̀ yá yín." Nítorí náà ni Àríkẹ́ ṣe dúró sílé Basile ní Àjàṣẹ́. Chancelle padà sílé nítorí bákì, ìdánwò àṣekágbá tó ku oṣù mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ẹni tí àárò ìyá kò bá sọ rí, kó má bá a sọ̀rọ̀ ọ̀hún o! Àwọn aládùúgbò ń fún un lóúnjẹ, ebi kò pa á, síbẹ̀ kò yó. Nígbà mìíràn a máa lọ dúró nídìí agbada gàrí tó dorí kodò nílé ìdáná, a máa fimú wá òórùn tó ti kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń pè é ní Ọmọ́báyọ̀. Chancelle ni ti ilé-ẹ̀kọ́, Chancelle ni ti ojúde. Àfi lórí pọ́tábù, fóònù alágbèéká, tí ohùn ń já tí ó ń so, ni ó tún fi ń gbọ́ orúkọ náà.

Basile ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú àpòòwé funfun kan jáde.

"Ìwé àyẹ̀wò nìyí. Àná ni mo gbà á. Èmi, ìwé tí mo mọ̀ kò ju àmì ojú títì lọ. Ìyá rẹ ní kí n gbé e wá kí o kà á. Ó ní ohun tí o bá wí ni òun yóò gbà."

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Láti ìgbà tí Chancelle ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sí ìwé kan tó wọ ilé wọn tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìpè òkú, ìwé tí méríì, ilé ìjọba ìlú, fi ránṣẹ́, òun ni akọ̀wé wọn. Ó ya àpòòwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Faransé ni, àmọ́ kì í ṣe irú Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Ó rí "àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ". Ó rí i pé wọ́n ní kí dókítà tètè pinnu ìtọ́jú tó kù. Láàárín méjèèjì, ó rí ìlà kan tí ó tún padà kà: wọ́n ní àwọn lẹ́nfósíìtì pọ̀ yanturu nínú kókó náà, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n sì yí i ká.

Lẹ́nfósíìtì! Kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rò ni pé àrùn náà ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kún inú ìyá òun. Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀sẹ̀ tí ó fi dúró ti ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn gan-an ni wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì wọn. Fabiola, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti yá a ní kàyé tirẹ̀ kí ó lè ṣe àdàkọ. Kàyé náà wà lórí tábìlì nínú yàrá láti oṣù tó kọjá, kò ṣí i wò rí. Kò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

"Kí ni ó wí?" Basile bi í.

Chancelle ronú kan àwọn àgbà ilé wọn. Wọn kì í ka ìròyìn burúkú sójú ẹni tó ni ín. Wọn a fi pamọ́, wọn a ní kó kọ́kọ́ jẹun, wọn a ní kó di ọ̀la. Ó tún ronú kan nǹkan mìíràn tí kò lè sọ jáde: bí ìyá òun yóò bá kú, ṣé ilé onílé ní Àjàṣẹ́ ni yóò kú sí ni? Kó máa bọ̀. Kó wá pe òun ní Ọmọ́báyọ̀ lójúkojú, ì báà ṣe fún oṣù kan.

"Wọ́n ní ó ti tán," ni ó wí.

"Pátápátá?"

"Pátápátá. Wọ́n ní kí Màmá máa bọ̀ nílé."

Basile, ọkùnrin gìrìwò, bú sí ijó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó pe Àríkẹ́ lórí pọ́tábù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì fi í lé Chancelle lọ́wọ́.

"Ọmọ́báyọ̀, ṣé kò sí pé mò ń lọ rí dókítà mọ́? Wọ́n ṣáà ní kí n gbé ìwé wá."

"Kò pọn dandan mọ́, Màmá. Ẹ máa bọ̀."

"Háà! Kí Ọlọ́run bù kún ojú tí o fi kà á."

Chancelle ò lè ṣe àmín. Ó dá pọ́tábù padà fún Basile, ó wọlé lọ, ó tẹ ìwé náà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí rẹ̀.

Ọjọ́rú ni Àríkẹ́ dé. Ó rù díẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò rù. Kí ó tó wọ ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń pariwo pé ta ni ó gbé ìgbálẹ̀ sílé ìdáná báyìí, ṣé ẹran ni ó ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí ni. Chancelle bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó di mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀gẹ́ dé láti Issaba, agbada padà sórí iná, òórùn gàrí tún gba ilé. Bí Chancelle bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ń lọ jókòó sí. Kò ka ìwé bó ti yẹ mọ́. A máa wo ojú ìyá rẹ̀, a máa ka ìmí rẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó fi ọjọ́ kan kún un. Irú ayọ̀ wo ni èyí? Ayọ̀ ẹni tó jí nǹkan ni. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ ìdí síbi tí ojú ènìyàn kò tó. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì hàn lára aṣọ náà.

"Màmá, kí nìyẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn lọ sí Sakẹ́tẹ́ ló gbọ̀n mí. Ṣebí ìwé ti ní ó tán? Ìwọ náà lo kà á." Àríkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ mìíràn bo tàkọ́kọ́ lórí okùn.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Chancelle lára ṣinṣin.

Ní ọjọ́ kejì, Mésì Valentin, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá, ń tún ẹ̀kọ́ ṣe fún wọn nítorí bákì. Ó ya nǹkan róbótó ńlá kan sójú pátákó, ó sì fi ẹfun kán tó-tó-tó yí i ká. "Ta ló rántí orúkọ àwọn wọ̀nyí?" Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Lẹ́nfósíìtì!" Bíírò bọ́ lọ́wọ́ Chancelle.

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Ọmọ ogun ara ni wọ́n," Fabiola dáhùn. "Wọ́n ń mọ ọ̀tá, wọ́n sì ń pa á."

Chancelle dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Mésì, bí wọ́n bá pọ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ ńkọ́? Tí wọ́n kún inú rẹ̀?"

Mésì Valentin wò ó. "Èmi kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ohun tí mo kà ni pé àmì rere ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó túmọ̀ sí pé ara ti mọ ọ̀tá náà, ó sì ti wọlé bá a jà. Àwọn aláìsàn tó bá rí bẹ́ẹ̀ a máa ṣe dáadáa ju àwọn tí ọmọ ogun wọn dúró síta lọ. Ṣùgbọ́n ogun kò ṣeé dá jà o. Ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dé bá wọn lásìkò."

Chancelle ò gbọ́ ìyókù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ó kó kàyé rẹ̀, ó ní kí Mésì fi orí jin òun, ó sì sáré jáde. Bí ó ti ń sáré kọjá lẹ́bàá ọ̀nà ni ó ń sunkún, àwọn ènìyàn ń bi í pé ta ló kú.

Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí agbada. Dípò kí ó sọ̀rọ̀, ó lọ bu omi sínú ife, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó gbé e fún un.

Àríkẹ́ dá ọwọ́ dúró. "Èmi ni àlejò lónìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún, Màmá."

Obìnrin náà gba ife, ó mu ún tán. Ojú rẹ̀ ti yí padà, nítorí ọmọ ilẹ̀ náà ni, ó mọ ohun tí í tẹ̀lé omi. Chancelle sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ohun tí ìwé wí, ó sọ ohun tí òun wí, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ń kú lọ ni. Mo fẹ́ kí ẹ wà lọ́dọ̀ mi." Gàrí ń jóná nínú agbada, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yí i padà.

Àríkẹ́ gbé ife náà sílẹ̀. "Àárò rẹ ń sọ èmi náà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ojú títì nílé Basile. Ṣùgbọ́n, Ọmọ́báyọ̀, ara ta ni?"

"Ara yín ni, Màmá."

"Ẹni tó ni ara ló ni ìròyìn ara rẹ̀. Bó dùn, tèmi ni. Bó korò, tèmi ni. O fẹ́ fi mí pamọ́ fún ara rẹ, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí pamọ́ sínú ilẹ̀." Lẹ́yìn èyí ni ó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ tí Chancelle rí omi ojú rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé.

Ọjọ́ kejì ni Basile gbé àwọn méjèèjì lọ sí Àjàṣẹ́. Dókítà Zouleiha, ọmọ Sakẹ́tẹ́ ni, èdè wọn ni ó sì fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ Àríkẹ́ wò nínú yàrá kejì, ó sì padà wá jókòó.

"Màmá, ìwé yìí ni mo ń retí láti ọjọ́ yìí. Ẹ fetí sílẹ̀. Jẹjẹrẹ a máa díbọ́n bí ọmọ ilé, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fi ń wò ó níran nígbà mìíràn. Nínú kókó tiyín, àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ pé olè ni. Wọ́n wọlé bá a, wọ́n sì pọ̀. Inú mi dùn sí i."

"Ṣé mi ò ní kú nìyẹn?"

"Èmi kì í ṣe Ọlọ́run, Màmá. Àmì ni, kì í ṣe ìlérí. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú." Ó wo Chancelle. "Ká ní ẹ wá lásìkò, ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ní báyìí, nǹkan kékeré kan ti tún hù níbi tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìtọ́jú tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò kàn. Kútọnu ni ẹ máa lọ, ó sì lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Oṣù mẹ́fà! Ọmọ tí kò lè fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà. Chancelle wólẹ̀, ó ní òun ò ní ṣe bákì mọ́, òun á bá ìyá òun lọ sí Kútọnu. Àríkẹ́ fà á dìde.

"Dókítà ni yóò wò mí, kì í ṣe ìwọ. Padà sí Pobẹ̀ lọ kọ ìdánwò rẹ. Kó o sì ṣí kàyé Fabiola o!"

Ó ṣí i. Ó kà á tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ìwé náà fi ya. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n béèrè bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ tán pẹ̀lú omi lójú. Ó yege. Nígbà tí èsì jáde, gbogbo ojúde hó, wọ́n gbé e ga, wọ́n ń pè é ní Chancelle, Chancelle. Ó ń rẹ́rìn-ín fún wọn, àmọ́ etí rẹ̀ ń wá orúkọ kejì.

Ní Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án, fèrè ewúrẹ́ tún ké. Chancelle bu omi, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún Basile, ó sì dúró kí ó mu ún tán. Basile mú àpòòwé kan jáde. Àwọn dókítà Kútọnu ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún Àríkẹ́, ṣùgbọ́n ó yarí, ó ní Ọmọ́báyọ̀ gbọ́dọ̀ kà á fún òun.

Basile pe nọ́ńbà náà.

"Ọmọ́báyọ̀, kà á. Má yọ ọ̀rọ̀ kan, má fi ọ̀rọ̀ kan kún un."

Chancelle kà á, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi tí kò yé e, ó sọ pé kò yé òun, ó ní kí ìyá òun bi dókítà. Wọ́n kọ ọ́ pé ohun tó hù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Wọ́n kọ ọ́ pé kò tíì tán. Wọ́n kọ ọ́ pé ìtọ́jú ń tẹ̀ síwájú.

"Ó parí síbẹ̀?"

"Ó parí síbẹ̀, Màmá."

"Wọn ò dá ọjọ́ tí mo máa padà wálé?"

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ilé yín, ẹ̀yin tí ìyá ń na ìwé sí pé "bá mi kà á", ẹ fetí sí èyí. Ìwé tí wọ́n fún yín kà, kì í ṣe tiyín. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa, irọ́ náà ni, ó sì lè gba ẹni tí a fẹ́ràn lọ́wọ́ wa.

Chancelle wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ì bá dùn mọ́ ọn tó láti sọ oṣù kan, ọjọ́ kan, kí ìyá rẹ̀ lè yọ̀, kí òun náà lè máa ka ọjọ́! Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Wọn ò dá ọjọ́ kankan, Màmá," ni ó wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n omi yín ti wà nílé."